Lẹ́tà Ṣíṣí sí Olórí Ẹbí àti Ìgbìmọ̀ Mọ̀lẹ́bí Wa: Ilé Wa ní Pópó Àgùdà Ní Ìwé

Bàbá wa, Olórí Ẹbí, àti gbogbo ẹ̀yin àgbà tí ẹ jókòó nínú ìgbìmọ̀ mọ̀lẹ́bí,

Mo kúnlẹ̀ kí yín o. Ẹ kú wàhálà gbogbo wa.

Ní ìpàdé tí a ṣe kẹ́yìn, ẹ sọ fún wa pé ẹ ti fẹnu kò pẹ̀lú ilé-iṣẹ́ kan tó ń kọ́lé tà, pé wọn yóò wó ilé wa ní Pópó Àgùdà, wọn yóò sì kọ́ ilé alájà mẹ́fà sórí ilẹ̀ náà, tí ìdajì rẹ̀ yóò jẹ́ tiwọn, tí ìdajì tó kù yóò sì jẹ́ tiwa, kí a pín in ní ìdí-igi mẹ́ta gẹ́gẹ́ bí ìyàwó mẹ́ta tí Bàbá ńlá fẹ́. Nígbà tí mo dìde béèrè ìwé ilé, èsì tí mo gbọ́ ni pé ilé náà kò ní ìwé kankan, pé Bàbá ńlá ti kọ́ ọ kí ọ̀rọ̀ ìwé ilẹ̀ tó dé, àti pé kí ọmọ tí kò mọ ìtàn jókòó. Mo jókòó. Ọjọ́ kejì ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá ìwé náà, mo sì rí i.

Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti kọ ohun tí mo rí ránṣẹ́ sí yín ní ìkọ̀kọ̀, wọn kò kà á létí ìpàdé. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ilé kì í ṣe ohun tí à ń tẹ́ sí ìta, ìdí sì nìyẹn tí n kò fi dárúkọ ẹnikẹ́ni tàbí òpópónà tí ilé wà. Ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn ti mọ ara rẹ̀. Àwọn ẹbí mìíràn tí wọ́n ń kà á, tí wọ́n sì ní irú ilé bẹ́ẹ̀ ní Ìsàlẹ̀ Èkó, ní Ọlọ́wọ̀gbowó tàbí ní Pópó Àgùdà, lè rí ohun tí wọn yóò lò níbẹ̀.

1. Kò sí òótọ́ nínú pé ilé náà dàgbà ju ìwé lọ.

Ní ọjọ́ kẹfà oṣù Ògún ọdún 1861 ni Ọba Dòsùnmú ti Èkó fọwọ́ sí ìwé tí ó gbé Èkó lé Gẹ̀ẹ́sì lọ́wọ́, àní ṣáájú ìgbà náà, Ọba Akítóyè àti Dòsùnmú fúnra wọn ti ń fún àwọn oníṣòwò àti àwọn tó ti òkè òkun dé ní ìwé ilẹ̀. Ní 1863 ìjọba yan àwọn tí yóò máa wádìí ẹni tí ó ni ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní Èkó, ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá sì tọ́ a gba ìwé tí a mọ̀ sí Crown Grant. Bàbá ńlá wa, tó jẹ́ Àgùdà, ti Bàhíà ní ilẹ̀ Brazil dé bá ìlú tí wọ́n ti ń fi gègé àti tàdáwà tà, tí wọ́n sì ń fi rà. Nígbà tó yá, òfin ìforúkọsílẹ̀ ìwé ilẹ̀ ti 1924 sọ pé ìwé tí a kò bá forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ kò ṣeé mú wá síwájú adájọ́ gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí. Ti 1935 wá dá irú ìforúkọsílẹ̀ mìíràn sílẹ̀, èyí tí àwọn ilẹ̀ erékùṣù tó wà lábẹ́ rẹ̀ fi ń ní nọ́ńbà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú LO. Tiwa kò sí nínú ti LO. Inú ìdìpọ̀ àtijọ́ ló wà.

Bí mo ṣe rí i nìyí, kí ẹnikẹ́ni má bàa sọ pé mo lọ ra ìwé lójú títì. Nínú àpótí irin tó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì Màmá wa, lábẹ́ àwọn rìsíìtì owó orí ilé àtijọ́, lẹ́tà lọ́yà kan wà tí ikán ti jẹ dé ìdajì. Ohun tó kù lórí rẹ̀ ni nọ́ńbà méjì àti apá kan nọ́ńbà kẹta. Ẹni tó bá ti bá ìwé ilẹ̀ Èkó ṣe pọ̀ rí mọ ohun tí wọ́n jẹ́: nọ́ńbà ìwé, ojú ewé tí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́, àti ìdìpọ̀ tí ojú ewé náà wà nínú rẹ̀. Méjì àkọ́kọ́ sábà máa ń jẹ́ ọ̀kan náà, nítorí náà èyí tí ikán jẹ, èkejì rẹ̀ dá a padà fún mi. Mo san owó ìwádìí ní ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń forúkọ ìwé ilẹ̀ sílẹ̀, wọ́n gbé ìdìpọ̀ náà wá, mo sì rí ìwé kan níbẹ̀ tí ó sọ ìtàn ìwé tó ṣáájú rẹ̀, tí ìyẹn náà sọ ti èyí tó ṣáájú tirẹ̀. Ẹ̀yìn ẹ̀yìn ni a ń rìn bí a bá ń wá ìtàn ilé.

Ohun tó fẹ́ dá mi dúró ni pé orúkọ ènìyàn ni wọ́n fi to ìwé atọ́ka, wọn kò fi nọ́ńbà ojúlé tò ó. Orúkọ òpópónà kò sì ràn mí lọ́wọ́ rárá, nítorí orúkọ ti yí padà káàkiri erékùṣù náà. Ẹni tó bá ń wá Òpópónà Nnamdi Azikiwe nínú ìwé àtijọ́, Òpópónà Victoria ni yóò bá. Orúkọ ẹbí wa pàápàá, ọ̀nà mẹ́ta ni àwọn akọ̀wé gbà kọ ọ́: lẹ́ẹ̀kan bí àwọn Pọtogí ṣe ń kọ ọ́, lẹ́ẹ̀kan bí etí Gẹ̀ẹ́sì ṣe gbọ́ ọ, ìkẹyìn ni ti Yorùbá tí à ń jẹ́ lónìí. Bí mo bá ti wá ẹyọ kan ṣoṣo, ǹ bá padà wálé wá sọ fún yín pé òótọ́ lẹ sọ, ilé kò ní ìwé.

2. Ohun tí ìwé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sọ.

Ìwé àkọ́kọ́ ni Crown Grant fúnra rẹ̀, ti ayé Glover tó ṣàkóso Èkó fún Gẹ̀ẹ́sì. Kì í ṣe ẹbí wa ni wọ́n fún. Sàró kan ni, ọ̀kan lára àwọn tó ti Sierra Leone padà wá sí Èkó. Ó sọ ẹni tó wà ní àríwá rẹ̀, ẹni tó wà ní gúúsù, ó sì ní àwòrán ilẹ̀ kékeré kan tí awọnlẹ̀ fi ẹsẹ̀ bàtà ṣe ìwọ̀n rẹ̀. Ní igun kan àwòrán náà, wọ́n ya òbìrípo kékeré kan, wọ́n sì kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pé kànga ni. Bàbá, láti ìgbà tí mo ti dáyé n kò gbọ́ pé kànga wà nínú ilé wa. Ilé da Rocha tó wà ní Kakawa ni gbogbo Èkó mọ̀ mọ́ kànga, tí wọ́n fi ń pè é ní Ilé Olómi. Mo mú ìwọ̀n inú ìwé lọ sí àgbàlá lọ́jọ́ Sátidé kan, èmi àti ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, a fi téèpù wọ̀n ọ́n láti igun ògiri, ó sì bọ́ sí abẹ́ pèpéle sìmẹ́ńtì tí a máa ń gbé ìkòkò ọbẹ̀ lé nígbà ìsọmọlórúkọ. A fi òkúta gbá pèpéle náà. Ó dún kòkò bí ìlù. Ilẹ̀ inú ìwé àti ilẹ̀ tí a ń tẹ̀ jẹ́ ọ̀kan náà nìyẹn, kò sí àríyànjiyàn kankan mọ́ lórí ibi tí ìwé náà ń sọ.

Ìwé kejì ni èyí tí Sàró náà fi ta ilẹ̀ fún Bàbá ńlá wa. Wọ́n pè é ní gbẹ́nàgbẹ́nà níbẹ̀. Ilẹ̀ nìkan ni wọ́n tà, ìwé náà kò dárúkọ ilé kankan lórí rẹ̀, nítorí náà òótọ́ ni ìtàn tí ẹ̀yin àgbà ń sọ pé Bàbá ńlá ló kọ́ ilé náà. Mo dọ̀bálẹ̀ fún ìtàn yẹn, bí mo tilẹ̀ jẹ́ obìnrin. Fèrèsé onígi tó ń ṣí síta, ọ̀nà àbáwọlé tó tẹ̀ kọdọrọ bí òṣùmàrè, òdòdó tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì ya sí òkè ilẹ̀kùn, ọwọ́ rẹ̀ ló ti jáde.

Ìwé kẹta ni ọ̀rọ̀ ti yí padà. Bàbá ńlá yá owó lọ́wọ́ oníṣòwò kan ní Marina, ó sì fi ilé dógò. Kò rí owó náà san. Ẹni tó yá a lówó lo agbára tí ìwé fún un, ó lu ilé náà ní gbàǹjo, ìwé kẹta yìí sì ni èyí tí wọ́n ṣe fún ẹni tó rà á. Obìnrin oníṣòwò kan ni, ará Èkó. Ìyá ńlá ni. Ìyàwó kẹta Bàbá, ẹni tí a máa ń sọ ní ìpàdé pé ó "wá bá Bàbá nínú ilé." Ìwé náà sọ pé owó pé lọ́wọ́ rẹ̀, pé ilé àti ilẹ̀ di tirẹ̀, ti àwọn àrólé rẹ̀ àti ti ẹnikẹ́ni tó bá yàn, títí láé. Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta kí n tó gbé ojú sókè.

Ìwé kẹrin, àdéhùn ilé yíyá ni. Ní ọdún mélòó kan lẹ́yìn gbàǹjo, Ìyá ńlá fi ṣọ́ọ̀bù iwájú ilé háyà fún ọlọ́jà kan, òun nìkan ló sì fọwọ́ sí i gẹ́gẹ́ bí onílé. Kò mọ̀wé. Àmì àgbélébùú kékeré ni ó fà, ó tẹ̀ sọ́wọ́ òsì díẹ̀, akọ̀wé sì kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé wọ́n ti ka ìwé náà sí i létí ní èdè Yorùbá, ó sì hàn pé ó yé e dáadáa kí ó tó fọwọ́ kàn án. Bàbá ńlá wà láyé nígbà náà. Orúkọ rẹ̀ wà níbẹ̀, ní ìsàlẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí.

3. Àtakò tí mo mọ̀ pé ẹ óò mú wá.

Ẹ lè sọ pé owó Bàbá ni Ìyá fi ra ilé náà, pé ó fi orúkọ ìyàwó rẹ̀ bo ara rẹ̀ lójú àwọn tó jẹ ní gbèsè. Ó ṣeé ṣe. Kò ṣàjèjì ní Èkó ìgbà náà, n kò sì lè búra pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá sọ bẹ́ẹ̀ ló gbọ́dọ̀ mú ẹ̀rí wá, nítorí ohun tó wà nínú àpótí irin kò gbè é. Rìsíìtì owó orí ilé mọ́kàndínlógún ni mo kà, orúkọ Ìyá ló wà lórí gbogbo wọn, kò sí ti Bàbá lórí ẹyọ kan. Ẹni tí wọ́n kàn fi orúkọ rẹ̀ bo nǹkan lójú kì í sábà máa san owó orí ilé náà láti ọdún dé ọdún, kó sì tún fi ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ háyà.

Ẹ tún lè sọ pé ìtàn ẹnu àgbà ju ìwé òyìnbó lọ. N kò ní bá yín jiyàn pé ìtàn ẹnu kì í ṣe ẹ̀rí. Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Nàìjíríà, nínú ẹjọ́ Idundun àti Okumagba ní 1976, ka ọ̀nà márùn-ún tí ènìyàn lè gbà fi hàn pé òun ló ni ilẹ̀, ìtàn àtẹnudẹ́nu sì wà nínú wọn, bí ìwé náà ṣe wà nínú wọn. Èmi kò fi ìwé lé ìtàn jáde. Ìtàn yín sọ ẹni tó kọ́ ilé, ìwé sì sọ ẹni tó rà á padà nígbà tí ó ti bọ́ lọ́wọ́ ẹni tó kọ́ ọ.

Ẹlòmíràn yóò sọ pé mo ń wá tèmi. Ẹ wò ó dáadáa: ìdí-igi kejì ni mo ti wá. Bí ilé bá jẹ́ ti Bàbá, mo ní ìpín nínú rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ti Ìyá, ọmọ bíbí inú rẹ̀ àti àwọn tó ti ara wọn jáde ló ni ín. Èmi kò ní nǹkan kan níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà sì ni Bàbá wa Olórí Ẹbí, tí ó jẹ́ ti ìdí-igi kìíní.

4. Ohun tí èyí sọ àdéhùn tí ẹ fẹ́ fọwọ́ sí dà.

Ọ̀rọ̀ kí orúkọ ènìyàn kan wà nínú ìwé, kí ilé sì jẹ́ ti ọ̀pọ̀, kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Èkó. Ní Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó, orí agboolé mọ́kànlélógún tó jẹ́ ti àwọn ènìyàn Òṣódì Tápà, ìjòyè Èkó àtijọ́, ni wọ́n fún ní Crown Grant ní 1869, àríyànjiyàn ẹni tó ni ín gan-an sì dé ọ̀dọ̀ Ìgbìmọ̀ Ọba ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1930, tí wọ́n kọ̀ láti gbà pé ìwé náà sọ ilẹ̀ di ti ẹnì kan ṣoṣo. Bákan náà, ilé tí Ìyá rà ti di ilé ẹbí lẹ́yìn ikú rẹ̀, ti àwọn ọmọ rẹ̀ lápapọ̀.

Láti 1947, nínú ẹjọ́ Ẹ̀san àti Faro, ni ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ti sọ pé bí olórí ẹbí bá ta ilẹ̀ ẹbí láìgba ẹnu àwọn àgbààgbà ẹbí, àwọn tí kò fọwọ́ sí i lè lọ sílé ẹjọ́ kí wọ́n sì fagi lé e. Ìyẹn bí ẹni tó tà á bá jẹ́ olórí ẹbí tó ni ilẹ̀ o. Bí kò bá wá sí lára ẹbí tó ni ín ńkọ́? Ilé-iṣẹ́ tó ń kọ́lé tà yóò ti wó ilé tán kí ẹjọ́ tó bẹ̀rẹ̀, ẹjọ́ kò sì lè gbé òdòdó sìmẹ́ńtì padà sókè ilẹ̀kùn. Ilé Fernandez tí à ń pè ní Ìlọ́jọ́ Bar, ní Tinúbú, tí wọ́n ti kọ́ láti 1855, tí ìjọba sì ti kà mọ́ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé orílẹ̀-èdè láti 1956, wọ́n wó o ní oṣù Ọwẹ́wẹ̀ ọdún 2016. Tiwa kò tilẹ̀ sí lórí ìwé ìjọba kankan tí yóò dáàbò bò ó.

5. Àwọn ará ẹ̀yìnkùlé.

Èyí ló dùn mí jù. Kí Ìyá ńlá tó fẹ́ Bàbá, ó ti bí ọmọbìnrin kan ní ilé ọkọ àárọ̀ rẹ̀, ó sì mú un wá. Àwọn ọmọ àti ọmọ-ọmọ ọmọbìnrin yẹn ló wà ní yàrá mẹ́ta ẹ̀yìnkùlé, àwọn tí à ń pè ní ayálégbé. Ọdún yìí ni a fi kún owó ilé wọn. Nínú àdéhùn tuntun tí ẹ kà sí wa létí, wọ́n fún wọn ní oṣù mẹ́ta láti kó ẹrù wọn. Ìyá àgbà tó wà nínú wọn, ẹni tí kì í wá sípàdé nítorí pé wọn kì í pè é, òun ló dàgbà jù nínú gbogbo àwọn tó ti ara Ìyá ńlá jáde tí wọ́n ṣì wà láyé. Nígbà tí mo ka ìwé kẹta sí i létí, ohun tó bi mí ni pé ṣé òótọ́ ni pé ìyá ìyá òun kò mọ̀wé. Mo fi àmì àgbélébùú náà hàn án lórí ẹ̀dà. Ó fi ìka tẹ̀ lé e, ó ní ọwọ́ òsì ni Màmá àgbà fi ń ṣe ohun gbogbo.

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé obìnrin ni, kò lè jẹ́ olórí. Ní 1908, nínú ẹjọ́ Lewis àti Bankole lórí ilé ẹbí kan ní Èkó níhìn-ín, èrò adájọ́ àgbà Osborne ni pé lẹ́yìn àkọ́bí ọkùnrin, ọmọ tó dàgbà jù ló kàn, ìbáà ṣe ọkùnrin, ìbáà ṣe obìnrin. Ní 1924, nínú ẹjọ́ Lopez, ilé ẹjọ́ gbà pé ọmọbìnrin ní ẹ̀tọ́ nínú ilé ẹbí bí ọmọkùnrin. Ìdílé Àgùdà ni Lopez, bíi tiwa.

6. Ohun tí mo ń béèrè.

Kí ẹ má fọwọ́ sí àdéhùn náà, kí ẹ má sì gba owó ìdè kankan, títí a ó fi ka ìwé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin létí ìpàdé, ní èdè Yorùbá, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe kà á sí Ìyá létí. Bí ẹ bá ti gba owó, kí ẹ sọ iye rẹ̀.

Kí ẹ pe àwọn ará ẹ̀yìnkùlé sí ìpàdé yẹn, kí wọ́n jókòó sórí àga, kí wọ́n má dúró lẹ́nu ọ̀nà. Kí ẹ dá owó ilé tí a fi kún ti ọdún yìí padà fún wọn nísinsìnyí; ìyókù lè dúró de ìdájọ́.

Kí a jùmọ̀ yan lọ́yà kan tí kì í ṣe ti ilé-iṣẹ́ tó fẹ́ wó ilé, kí ó wá ìwé ìhágún Bàbá àti ti Ìyá lọ́dọ̀ àwọn tó ń tọ́jú wọn, kí ó sì wò ó bóyá ẹjọ́ kan ti wà rí lórí ilé náà. Ní ti ẹjọ́, ọkàn mi kò balẹ̀: iná tó jó ilé ẹjọ́ gíga ní Ìgbósẹ̀rẹ̀ ní oṣù Ọ̀wàrà ọdún 2020 jó fáìlì púpọ̀, ó sì ṣeé ṣe kí tiwa, bí ó bá wà, ti bá a lọ. Kí ó tún béèrè bóyá LEDB, ìgbìmọ̀ ìjọba tó ń tún Èkó ṣe nígbà náà, gba apá kan ilẹ̀ náà nígbà tí wọ́n ń wó àárín Èkó láti 1955, tí wọ́n kó àwọn ènìyàn lọ sí Sùúrùlérè, nítorí ẹ̀yìn ilẹ̀ wa lónìí kúrú ju ti inú àwòrán lọ ní ẹsẹ̀ bàtà mọ́kànlá, n kò sì tíì mọ ẹni tó gé e.

Kí ẹnikẹ́ni má sì fọwọ́ kan pèpéle àgbàlá títí awọnlẹ̀ tí gbogbo wa gbà yóò fi wọ̀n ọ́n.

Ẹ̀dà ìwé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, tí wọ́n fi òǹtẹ̀ jẹ́rìí sí, wà lọ́wọ́ mi. Mo ti fi ọ̀kan-ọ̀kan sílẹ̀ lọ́dọ̀ Ìyá àgbà ní ẹ̀yìnkùlé, ọ̀kan yóò sì dé ọwọ́ yín, Bàbá, kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí. Ọjọ́ Àìkú kejì oṣù tó ń bọ̀ ni ìpàdé wa. N óò tètè dé láti to àga.

Èmi ni ọmọ yín,
láti ìdí-igi kejì.